Ijó Inú Yàrá Òtútù

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí eku bá wọ yàrá, èmi àti ìyá wa á ti fò sórí àga, òun á ti mú bàtà lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó wá sílé mi, tó jókòó, tó ní kí n jọ̀wọ́ má ti ilẹ̀kùn, mo mọ̀ pé ohun tójú rẹ̀ rí kì í ṣe kékeré. Bó ṣe rò ó fún mi ni mo ṣe ń rò ó.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀ kó tó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, tó lọ gba iṣẹ́ ní ilé kan tí wọ́n ń kó fíìmù àtijọ́ pamọ́ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ ìwé pélébé tí wọ́n ń pín fún àwọn òǹwòran: ta ló ṣe fíìmù yìí, kí ló dá lé, kí ló dé tó fi yẹ kéèyàn jókòó wò ó. Wọn kì í pè é lórúkọ níbẹ̀, Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹni tó sún mọ́ jù ni bàbá àgbà kan tó ń tún fíìmù ṣe. Bàbá Onífíìmù ni wọ́n ń pe tiẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ibi tí fíìmù bá já sí, òun ló ń lẹ̀ ẹ́. Ibi tó bá hu nǹkan, òun ló ń fi òwú nù ún jẹ́jẹ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Ilé iṣẹ́ ti fún un níwèé ìfẹ̀yìntì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti lọ bẹ̀ ẹ́ padà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kò sẹ́lòmíì tó mọ iṣẹ́ náà.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, wọ́n fẹ́ fi odidi oṣù kan ṣàfihàn àwọn fíìmù olórin-oníjó tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe láyé ijọ́un, irú èyí tí ọkùnrin kan á máa lọ jẹ́jẹ́ lójú títì, tí yóò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ orin, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá á sì mọ ijó tó bá a mu. Ibẹ̀ ni Tíṣà àti Bàbá ti dá eré kan sílẹ̀ láàárín ara wọn. Tíṣà mọ ìwé, Bàbá mọ fíìmù. Tíṣà á fa ẹnì kan yọ látinú ìwé ìtàn, Bàbá á sì wá fíìmù tí yóò gbé e sí dípò òṣèré tó wà níbẹ̀. Akọ̀wé ilé-ẹjọ́ kan wà nínú ìwé kan tí Tíṣà fẹ́ràn, ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin kan fún ọgbọ̀n ọdún tí kò lè la ẹnu sọ ọ́. Bàbá ní fíìmù ọkùnrin tó ń nu gíláàsì ilé ìtajà ni kí wọ́n gbé e sí, torí níbẹ̀, ohun tí ẹnu ò bá lè sọ, ẹsẹ̀ ni yóò bá a sọ ọ́. Tíṣà ní akọ̀wé yẹn ò lè jó láéláé. Bàbá ní kò sẹ́ni tí kò lè jó, àfi ẹni tí nǹkan ò tíì lé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn kì í ti í bára mu ni ti àwọn oníjó méjì kan tó gbajúmọ̀ nínú àwọn fíìmù náà. Bàbá ti fún wọn lórúkọ. Ọ̀kan ni Ẹsẹ̀-Ìyẹ́, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó máa ń jó bí ẹni pé ilẹ̀ gbóná, tí kò fẹ́ kí bàtà òun pẹ́ níbẹ̀. Èkejì ni Èjìká, ọkùnrin tó ki pọ́pọ́, tó ń jó bí ẹni tó ń bá ará àdúgbò kó ẹrù. Ẹsẹ̀-Ìyẹ́ ni Bàbá ń gbè. Tíṣà ń gbè sẹ́yìn Èjìká, ó ní ijó tí kò bá mú èèyàn làágùn, irọ́ ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù wọ bọ́ọ̀sì lọ sípàdé ní òdìkejì ìlú, wọn ò sì ní padà mọ́ títí di ọjọ́ Ajé. Àwọn méjì yìí ní àwọn ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ò mọ̀ pé wọ́n ṣẹ́kù. Nígbà tó di nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ìjà wọn tún dé. Bàbá ní nínú fíìmù àwọn apínlẹ́tà méjì, Ẹsẹ̀-Ìyẹ́ pòyì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì fi ẹ̀yìn hán fìlà rẹ̀ láì wò ó. Tíṣà ní ó wò ó, ojú rẹ̀ yí díẹ̀. Bàbá dìde, ó ní kí wọ́n lọ gbé róòlù karùn-ún wá kí ojú lè ti onírọ́.

Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú àwọn fíìmù sí, nínú yàrá kan tó tutù ju ibi tí omi ti ń di yìnyín lọ, torí ooru ni ọ̀tá fíìmù. Ilẹ̀kùn rẹ̀ nípọn bíi tìmùtìmù. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé láì wọ kóòtù tó nípọn tí wọ́n fi kọ́ síta, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mú fóònù wọlé. Ti fóònù ni wọ́n pa mọ́. Kóòtù, Bàbá ní ìṣẹ́jú méjì péré ni àwọn fẹ́ lò. Ó fi ègé igi kan há ẹnu ilẹ̀kùn, ó wọlé.

Tíṣà ló kẹ́yìn. Ó rí ègé igi yẹn, ó rí i bí òtútù ṣe ń tú jáde bí èéfín, ó sì rántí bí ẹlẹ́rọ tó ń bójú tó òtútù ṣe wá pariwo mọ́ gbogbo wọn lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ẹnì kan gbàgbé ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ọwọ́ ilẹ̀kùn ti inú ti yẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti igi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ilẹ̀kùn rọra padé, kò pariwo, ó kàn mí kanlẹ̀ bí èèyàn.

Bàbá gbé agolo fíìmù náà, ó yíjú padà, ó sì rí ilẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ gbé agolo náà kalẹ̀ dáadáa, ó lọ di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó yí i. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ń yí lófìfo bí ẹnu ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́. Ó yí i, ó yí i. Bọ́tìnnì pupa kan wà lára ògiri tí wọ́n máa ń tẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, kò dún. Ẹ̀rín ni Tíṣà kọ́kọ́ rín. Nígbà tó wo ojú Bàbá, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá bi í jẹ́jẹ́ pé, “Tíṣà, ta ló ṣẹ́kù lókè?”

“Kò sẹ́nì kankan, Bàbá.”

“Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?”

Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ó di ọjọ́ Ajé.

Wọ́n lu ilẹ̀kùn, wọ́n fi ìpàkọ́ bàtà gbá a, wọ́n pariwo títí ohùn Tíṣà fi há. Fáànù ńlá méjì tó ń fẹ́ òtútù lókè gbé ariwo wọn mì. Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà, ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò. Kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó ti ń ro èyí lọ́wọ́, iná kú. Òkùnkùn biribiri. Ó ní ẹ̀rù tó bà á lákòókò yẹn, òun ò mọ ibi tó ti wá, àfi bí ẹni pé wọ́n da omi lé òun lórí. Ó figbe ta, ó ń fi ọwọ́ lu afẹ́fẹ́, ni iná bá tún tàn. Ojú ẹ̀rọ kan wà lókè àjà tó ń ṣọ́ iná, bí kò bá rí ẹni tó ń mira láàárín yàrá fún ìgbà díẹ̀, iná á kú fúnra rẹ̀.

Bàbá ní, “Ó dáa. Jíjó la máa jó.”

Tíṣà rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Bàbá wọ súwẹ́tà tó máa ń wọ̀ lójoojúmọ́, Tíṣà wọ búláòsì fẹ́lẹ́ kan. Bàbá fẹ́ bọ́ súwẹ́tà fún un, ó kọ̀. Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ijó hàn án láàárín àwọn pẹpẹ irin, ó ní báyìí ni Ẹsẹ̀-Ìyẹ́ ṣe ń ṣe é: ìka ẹsẹ̀, gìgísẹ̀, yíyí, ọwọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí kò bìkítà. Wọ́n jó o títí, òtútù ò gbọ́. Etí Tíṣà ń ta á bí iná, ìka rẹ̀ ti funfun. Ó ní kí wọ́n gbìyànjú ti Èjìká wò. Ìyẹn, orúnkún gbọdọ̀ ga, èèyàn á fò, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ gbì, á na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ gbá ògiri mọ́ra. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá dúró, ó di orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún mú, ó ní òun ò rò pé ọjọ́ yìí máa dé láyé òun, ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn bá ti fẹ́ kú, Èjìká ló mọ̀ ọ́n jó jù. Tíṣà ní ìyẹn nìkan ni òun fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ń ṣe eré wọn lọ láàárín ijó. Eyín wọn ń lu ara wọn, síbẹ̀ Tíṣà ń fa èèyàn yọ látinú ìwé, Bàbá ń wá ipò fún wọn. Nígbà tí wákàtí kan kọjá, ètè Bàbá ti dúdú. Tíṣà ń wo ètè yẹn. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò ní dé ọjọ́ Ajé. Ó lè má dé ìrọ̀lẹ́.

Bàbá ló rántí kiní kékeré kan tó wà lára ògiri lẹ́yìn pẹpẹ tó kẹ́yìn pátápátá. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Òun ló ń wo bí òtútù ṣe rí. Bí ibẹ̀ bá gbóná díẹ̀, ó máa ń ránṣẹ́ sí fóònù ẹlẹ́rọ. Wọ́n fa àkàbà kékeré débẹ̀. Bàbá fẹ́ gùn ún, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Tíṣà ló gùn ún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo kiní náà, ó sì ń mí sí i lára, hàà, hàà, bí ẹni ń nu gíláàsì ojú. Ṣùgbọ́n ojú tó ń tan iná ò rí ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn. Bàbá ní láti dúró láàárín, kó máa jó, kí iná má baà kú.

Báyìí ni wọ́n ṣe wà. Tíṣà ò rí Bàbá mọ́, agolo fíìmù ló dí i lójú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ lórí sìmẹ́ńtì. Irin kiní náà tutù débi pé awọ ìka rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn, bó bá sì fẹ́ yí ọwọ́ padà, á bó. Ó ń ké sí Bàbá láti ibẹ̀. Ó ní opó kan wà nínú ìwé kan, tó ń ta bàtà, tí kì í ta ẹsẹ̀ òsì àti ọ̀tún pọ̀ fún ẹni tí kò bá fẹ́ràn, fíìmù wo ni kí wọ́n fi í sí? Bàbá ní fíìmù obìnrin alágbàfọ̀ tó jogún gbọ̀ngàn ijó. Tíṣà ní olè kan wà tó ń jí kìkì ìwé tí olúwa rẹ̀ ò tíì kà tán. Ìdáhùn pẹ́ kó tó dé. Bàbá ní Èjìká ni, Èjìká ni yóò ṣe olè. Tíṣà ní ọmọge kan wà tó ń bá òjò sọ̀rọ̀. Bàbá ní, “Ìyá ilé, pa fèrèsé yẹn dé.”

Ìyàwó Bàbá ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Tíṣà ní, “Bàbá, èmi ni, Tíṣà ni. Ẹ máa jó.” Ẹsẹ̀ ń dún, ṣùgbọ́n ó ti ń dún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wọ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò dún mọ́. Iná kú.

Ó ké sí Bàbá. Ó tún ké sí i. Fáànù nìkan ló ń dáhùn. Ó mọ̀ pé bí òun bá kúrò lára kiní yẹn, ooru tí òun ti ń kó jọ á fò lọ, bóyá iṣẹ́ náà ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé bàbá arúgbó kan wà nílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó dúró. Ó tún mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí kiní náà, ó ń kà wọ́n. Ìgbà yẹn ló tó sọ̀ kalẹ̀.

Ó ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà lára agolo bọ̀, títí ojú òkè fi rí i, tí iná tàn. Bàbá jókòó, ó fẹ̀yìn ti pẹpẹ. Ó ti bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó ti ń tú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ooru yìí mà pọ̀ o, ta ló dáná síbí?

Tíṣà ní kò sóhun tó ba òun lẹ́rù nínú ayé òun tó ẹ̀rín yẹn. Ó ti ka ibì kan rí pé bí òtútù bá fẹ́ pa èèyàn, ó máa ń kọ́kọ́ fi ooru tàn án. Ó mú súwẹ́tà, ó ń fi ipá wọ̀ ọ́ fún un. Bàbá ń tì í, ó ń bínú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ fún. Tíṣà borí rẹ̀. Ó dì mọ́ ọn, ó fi àyà lé e láyà, ó ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ kan gbá afẹ́fẹ́ kí iná má tún kú. Ẹkún ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

“Bàbá, èmi ni mo yọ igi ẹnu ilẹ̀kùn. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ látàárọ̀, ẹ̀rù ló bà mí.”

Tíṣà rò pé Bàbá ò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni Bàbá sọ̀rọ̀ sí i létí, ohùn rẹ̀ kéré, ó ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn.

“Akọ̀wé ilé-ẹjọ́ lo ọgbọ̀n ọdún. Ìwọ ò lò tó wákàtí mẹ́rin. O gbìyànjú.”

Ó ń fẹ́ dijú. Tíṣà gbá a létí, ó tọrọ àforíjì, ó tún gbá a. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lábíyá, ó fà á dìde, ó sì gbé gbogbo ẹrù ara rẹ̀ lé èjìká. Ó ń gbé e jó. Ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n yá a. Ó ń ka ìgbésẹ̀ sókè: ọ̀kan, èjì, yí; ọ̀kan, èjì, yí. Kò mọ bó ṣe pẹ́ tó.

Ẹlẹ́rọ ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó sọ fún wọn lẹ́yìn náà pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ dé fóònù òun, òun ò kà á sí. Ṣùgbọ́n kiní náà tún tutù, ó tún gbóná, ó tún tutù, òun ò sì rí irú ìyẹn rí, ni òun bá gbọ̀nà, tí òun ń bú àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà lójú ọ̀nà. Èébú ṣì kún ẹnu rẹ̀ nígbà tó fa ilẹ̀kùn. Ó rí obìnrin kan tó di bàbá arúgbó mú, tí wọ́n ń pòyì láàárín agolo fíìmù, obìnrin náà ń ka ọ̀kan, èjì, kò sì dúró nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ẹlẹ́rọ ò bú ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi wé Bàbá, ó pọ̀n ọ́n, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Oòrùn ọ̀sán ṣì wà níta. Aago mẹ́ta ò tíì kọjá.

Òtútù àyà dá Bàbá dúró ní ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Awọ ìka mẹ́fà bó lọ́wọ́ Tíṣà. Nígbà tí àwọn ọ̀gá bèèrè bí ilẹ̀kùn ṣe padé, Bàbá ti ní ilẹ̀kùn ló ti ara rẹ̀. Tíṣà kọ lẹ́tà sí wọn, ó sọ òótọ́. Wọn ò lé e. Wọ́n wo ìwé wọn, wọ́n rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Bàbá ti kọ̀wé pé ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn ti yẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, bọ́tìnnì pupa náà sì ti ń dún débi tí ẹni tó ń ṣọ́ géètì fi ń ráhùn. Bàbá ní òun ti fẹ̀yìn tì báyìí o, kí ẹnikẹ́ni má wá bẹ òun. Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi ń lọ kí i.

Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó kàn jẹ́ pé kì í wọ abẹ́ ilẹ̀ mọ́. Bí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì bá padé lẹ́yìn rẹ̀, òógùn á bò ó.

Lọ́jọ́ tó ń rò ó fún mi, mo rò pé òtútù náà ló ṣì ń bà á lẹ́rù, tàbí òkùnkùn. Ó ní kì í ṣe ìyẹn. Ó ní ìgbà mẹ́wàá tí òun fi dúró lórí àkàbà tí òun ń mí, lẹ́yìn tí òun ti mọ̀ pé Bàbá ti ṣubú, ìyẹn ni. Ó ní kò dá òun lójú bóyá ẹ̀mí Bàbá ni òun ń gbà là níbẹ̀ àbí tòun. Ti ilẹ̀kùn, ó ti sọ fún Bàbá. Eléyìí, kò tíì sọ.

Ó bi mí bóyá kó sọ ọ́. Mo ní mi ò mọ̀. Mo dìde, mo lọ gbé omi gbígbóná wá fún un.